Ọ̀gá kan, ẹni tuntun méjì, páàdì mẹ́rin: bẹ́ ẹ ṣe máa pín tíìmù tí ò ní dìjà

Ìbéèrè tó wọlé rèé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́jọ la máa ń péjọ gbá géèmù lórí Switch kan, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù Nintendo, páàdì mẹ́rin la ní, Mario Kart 8 Deluxe tó jẹ́ eré ọkọ̀ àti Smash Ultimate tó jẹ́ eré ìjà la sì máa ń gbá jù. Ọ̀kan nínú wa mọ̀ ọ́n gbá débi pé kò sẹ́ni tó lè bá a fà á, àwọn méjì kan sì rèé, ẹnu àìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di páàdì mú. Gbogbo ìgbà tá a bá ní ká pín sí tíìmù, ibi tí ọ̀gá yẹn bá wà ló máa ń wọlé, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ẹnì kan á ju páàdì sílẹ̀, á lọ máa tẹ fóònù ẹ̀. Báwo la ṣe lè ṣètò ẹ̀ kó dùn fún gbogbo wa?”

Ẹ kú ìbéèrè o, àbúrò mi, ẹ bá mi kí àwọn méje yòókù, pàápàá ẹni tó ń ju páàdì sílẹ̀ yẹn, torí òun gan-an ni mo fẹ́ gbèjà lónìí. Kò síbi tí wọ́n ti ń gbá géèmù pọ̀ tí ọ̀gá kan ò ní sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kò síbi tí ẹni tuntun ò ní sí, ìyẹn ò ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tó ń ba tiyín jẹ́ ni bẹ́ ẹ ṣe ń ka póìntì. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo lè dá gbé tíìmù wọlé, ẹ ò gbá tíìmù rárá nìyẹn, ọ̀gá yẹn ló ń gbá, àwọn tó kù kàn jókòó tì í ni, àwọn tó sì fìdí rẹmi náà mọ̀ pé kò sí nǹkan táwọn ì bá ṣe. Tíìmù máa ń dùn níbi tí ipò ẹni tó kẹ́yìn bá ti lè yí èsì padà, débi tí ọ̀gá fúnra ẹ̀ á fi máa wẹ̀yìn wò, tá á máa pariwo pé “ipò wo lo wà báyìí?” Tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn ṣe, ọ̀rọ̀ sẹ́tíìnsì ò le mọ́.

Ẹ jẹ́ n fi Mario Kart là á. Tí ọkọ̀ méjìlá bá sáré, ẹni tó ṣe ipò kìíní á gba póìntì 15, ìkejì á gba 12, ìkẹta 10, ìkẹrin 9, látibẹ̀ ó wá ń dín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn pátápátá, tó máa gba 1. Ó yá, ẹ fi ọ̀gá yín àti ẹni tuntun kan sójú kan, ẹ fi àwọn méjì tó mọ̀ ọ́n gbá níwọ̀nba síbòmíì. Ọ̀gá ṣe ipò kìíní, ẹnì kejì ẹ̀ ṣe ìkejìlá, póìntì wọn jẹ́ 16. Àwọn méjì yẹn ṣe ìkẹrin àti ìkarùn-ún, 9 pẹ̀lú 8, ó di 17. Ọ̀gá ti sáré tán, ó ti gbé ọwọ́ sókè, ó sì ti fìdí rẹmi! Tí ẹni tuntun yẹn bá rí ọkọ̀ kan péré kọjá, tó ṣe ìkọkànlá, ọ̀mì ni. Tó bá kọjá méjì, tó ṣe ìkẹwàá, wọ́n ti wọlé pẹ̀lú 18. Ẹ wá wò ó, ẹni tẹ́ ẹ ń pè ní ẹrù lọ́rùn tíìmù náà ni gbogbo ojú wà lára ẹ̀ báyìí, ọ̀gá ò sì lè ṣe ju ipò kìíní lọ, ó ti dé òpin agbára ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà yín nímọ̀ràn kẹ́ ẹ pa àwọn ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń pa wọ́n, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ wàhálà, ká kàn jẹ́ àwa mẹ́rin. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọkọ̀ mẹ́rin ló wà lójú ọ̀nà, ẹni tuntun á dá wà lẹ́yìn ni, kò ní rí ẹnikẹ́ni níwájú, kò ní rí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, bí ẹni tó sọnù, lẹ́yìn ìgbà tó bá ti gbá méjì irú ẹ̀ á wá fóònù ẹ̀ lọ. Tí kọ̀ǹpútà bá wà, ó máa ń rí ẹni tó lè bá du ipò kẹwàá. Ẹ fi kọ̀ǹpútà sí Normal, tó bá jẹ́ pé ìkejìlá náà ni ẹni tuntun ń ṣe ní gbogbo ìgbà, ẹ sọ ọ́ di Easy. Ẹ má fi sí Hard nítorí pé ọ̀gá ní ó ti sú òun, ọ̀gá ní ẹlòmíì tó máa dá a lóhùn.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹ fẹ́ gbá ọkọ̀ mẹ́rin lásán ṣá, ẹ má lo 4, 3, 2, 1 tí gbogbo èèyàn máa ń kọ sí pépà. Ẹ ṣírò ẹ̀: ọ̀gá tó ṣe kìíní àti ẹni tuntun tó ṣe ìkẹrin gba 5, àwọn tó ṣe ìkejì àti ìkẹta náà gba 5, ọ̀mì, ọ̀mì, ọ̀mì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ jẹ́ kẹ́ni tó ṣe ìkẹrin má gba nǹkan kan. 4, 3, 2, òdo. Ó ti di 4 sí 5, tíìmù ọ̀gá ò lè wọlé àyàfi tí ẹnì kejì ẹ̀ bá kúrò ní ipò tó kẹ́yìn yẹn. Nǹkan kékeré lásán, àmọ́ ẹ máa rí i bí ọ̀gá ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnì kejì ẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń yí kọ́nà.

Pínpín èèyàn ló kàn, ibí yìí sì ni mo rò pé ẹ ti ń ṣi í. Ẹ má jẹ́ kí àwọn méjì tó mọ̀ ọ́n jù dìde kí wọ́n máa yan èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tí wọ́n bá yàn kẹ́yìn ti bínú kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo yín kọ́kọ́ gbá ìdíje kan tí ò ní tíìmù, àwọn mẹ́rin, lẹ́yìn náà àwọn mẹ́rin tó kù, lójú ọ̀nà kan náà, kẹ́ ẹ wá to ara yín láti 1 dé 8. Ojú ọ̀nà ni kó tò yín o, ẹ má fi ẹnu tò ó, torí ẹnu gbogbo èèyàn ló mọ géèmù gbá. Tíìmù kan á gba ẹni 1, 4, 5 àti 8, ìkejì á gba 2, 3, 6 àti 7. Tẹ́ ẹ bá ro nọ́ńbà wọn pọ̀, 18 ni ọ̀tún, 18 ni òsì. Nínú tíìmù kọ̀ọ̀kan, ẹ tún so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì: 1 pẹ̀lú 8, 4 pẹ̀lú 5, níbòmíì 2 pẹ̀lú 7, 3 pẹ̀lú 6. 1 àti 8 ni kó máa kojú 2 àti 7, àwọn tó wà láàárín kí wọ́n máa kojú ara wọn. Ìyẹn máa ń ṣe dáadáa níbi tí gbogbo yín bá sún mọ́ra. Níbi tí ọ̀gá bá ti ya gbogbo èèyàn sílẹ̀ bíi tiyín, nọ́ńbà yẹn ń parọ́ díẹ̀, torí àlàfo tó wà láàárín ẹni 1 àti ẹni 2 lè ju èyí tó wà láàárín 2 àti 6 lọ, ẹ lè wá pààrọ̀ 4 àti 6, ẹ máa yí i títí tí èsì á fi máa sún mọ́ra.

Àwọn kan máa ń béèrè pé ṣé kò dáa ká kàn jẹ́ kí géèmù fúnra ẹ̀ pín wa. Tẹ́ ẹ bá ń ṣeré lásán, ó dáa. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ tó wákàtí méjì, mẹ́ta, géèmù ò mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di páàdì mú.

Ọ̀rọ̀ páàdì wá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá páàdì mẹ́rin tẹ́ ẹ sọ yẹn, Joy-Con, ìyẹn páàdì kékeré tó máa ń bá Switch wá, méjì-méjì lẹ̀ ń kà sí ẹyọ kan. Nínú géèmù méjèèjì tẹ́ ẹ dárúkọ, apá kan Joy-Con ti tó ẹnì kan, ẹ kàn máa dì í mú ní ìbú ni, Switch kan sì lè gba páàdì tó mẹ́jọ. Nínú Smash, èèyàn mẹ́jọ lè wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mario Kart ni ò ní gbà ju mẹ́rin lọ lórí TV kan, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é, nítorí náà àwọn mẹ́rin á máa dúró.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí páàdì jẹ́ ti tíìmù, kó má jẹ́ ti èèyàn. Tíìmù pupa ní méjì, tíìmù búlúù ní méjì, tí eré kan bá parí, páàdì á kúrò lọ́wọ́ àwọn méjì yìí, á bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjì tó kù nínú tíìmù kan náà, ẹ ò ní padà sẹ́yìn lọ yan nǹkan kan, ẹ máa bá a lọ ni. Mẹ́rin ni iye eré tó kéré jù tẹ́ ẹ lè yàn ní VS Race, ibi tẹ́ ẹ ti ń fúnra yín ṣètò eré nínú Mario Kart, ẹ lè yan 8 tàbí 12, kẹ́ ẹ máa gbé páàdì káàkiri títí tó fi máa parí. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ gbá gbogbo ẹ̀ tán kí àwọn tó kù tó gbá, àwọn tó ń dúró á ti sùn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ fi ojú sí. Mario Kart 8 Deluxe ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Smart Steering, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ bọ́ sí kòtò tàbí kó kúrò lójú ọ̀nà, ẹ máa rí eriali kékeré kan lẹ́yìn ọkọ̀ ẹni tó bá ń lò ó. Níbi tẹ́ ẹ ti ń yan ọkọ̀, ẹ tẹ +, ẹ máa rí i, òun àti èyí tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa sáré fúnra ẹ̀ láì jẹ́ pé èèyàn di bọ́tìnì mú. Páàdì ló ń tẹ̀ lé, kò mọ ẹni tó di páàdì náà mú. Tẹ́ ẹ bá wá ń gbé páàdì káàkiri láìronú, ó lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá, inú ẹ̀ ò sì ní dùn, torí Smart Steering kì í jẹ́ kéèyàn gba ọ̀nà àbùjá inú koríko, kì í sì í jẹ́ kó gba táábò tó ga jù lẹ́yìn tó bá fi ọkọ̀ yọ̀ lójú kọ́nà. Ẹ ya páàdì kan sọ́tọ̀ nínú tíìmù kọ̀ọ̀kan tó máa ní Smart Steering, ẹ lẹ nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn kẹ́ ẹ fi máa dá a mọ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni kí ẹ máa gbé e fún. Wọn ò ní tijú ẹ̀ tó bá jẹ́ páàdì tíìmù ni.

Ẹ gbá 100cc, ìyẹn ìwọ̀n tí ọkọ̀ á fi máa sáré níwọ̀nba. Mo mọ̀ pé ọ̀gá á ní kẹ́ ẹ fi sí 200, ẹ má dá a lóhùn.

Sẹ́tíìnsì Mario Kart tó kù ò pọ̀: ẹ wọ VS Race, ẹ yan Team Game, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé àwọ̀ tó wà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan bá tíìmù ẹ̀ mu. Géèmù á pín kọ̀ǹpútà náà sí pupa àti búlúù, mẹ́fà-mẹ́fà, àròpọ̀ póìntì gbogbo yín á sì jẹ́ 82 nínú eré kan, tíìmù tó bá ti ní 42 ló wọlé. Àmọ́ póìntì kọ̀ǹpútà wà nínú ìyẹn, kọ̀ǹpútà kan lè ṣe ipò kejì kó wá sọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fìdí rẹmi di olúborí, nítorí náà àwọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ lò lára Team Game, ẹ jẹ́ kẹ́nì kan máa kọ póìntì àwọn èèyàn nìkan sí pépà tàbí sínú fóònù. Ẹni tó ń ju páàdì sílẹ̀ yẹn ni mo dábàá. Ẹni tó bá ń kọ póìntì kì í lè kúrò nídìí géèmù.

Báwo wá ni ọ̀gá ṣe máa ran ẹnì kejì ẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọn ò sí lójú kan náà? Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé bí èèyàn ṣe jìnnà tó sí ẹni tó wà ní ipò kìíní ló ń pinnu nǹkan tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́ nínú àpótí tí ọkọ̀ máa ń gbà kọjá lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá wà ní ipò kìíní, kóìnì àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń rí jù, kò ní ohun ìjà tó ní láárí. Ọ̀gá tó bá sá lọ síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ ti sọ ara ẹ̀ di ẹni tí ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó tún wá di ẹni tí shell búlúù, ìyẹn ìkarahun tí wọ́n ń jù lu ọkọ̀, ń wá kiri. Ọ̀gá tó gbọ́n á jókòó sí ipò kẹta, ìkẹrin, á máa gba shell pupa, shell pupa sì máa ń wá ẹni tó wà níwájú ẹ gan-an ni, kò ní wá ẹlòmíì, á fi máa fa àwọn tíìmù kejì sẹ́yìn, tó bá ku apá tó kẹ́yìn nínú eré náà á wá lọ mú ipò kìíní ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá máa ń gbádùn irú eré yìí ju kó kàn dá sáré lọ níwájú lọ, ẹ dán an wò.

Àwọn tó ń dúró de páàdì, ẹ fún wọn níṣẹ́. Ẹnì kan nínú tíìmù kọ̀ọ̀kan á máa wo gbogbo ojú TV, á máa sọ ibi tí ọ̀tá wà fún àwọn tó ń wakọ̀, torí ẹni tó ń wakọ̀ nínú ìdá mẹ́rin TV ò ní ojú tó máa fi wo nǹkan méjì. “Shell búlúù ń bọ̀.” “Ẹni pupa wà lẹ́yìn ẹ, ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀.” Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí gbogbo yín pariwo pọ̀, ìwọ̀nyẹn ló ń jẹ́ kí ẹni tuntun dàrú.

Tí sísá eré bá ti sú yín, Battle Mode wà níbẹ̀, ẹ wá èyí tó ń jẹ́ Renegade Roundup. Òun ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn tí agbára wọn ò dọ́gba, torí tíìmù ni láti ìpìlẹ̀, apá kan jẹ́ ọlọ́pàá, apá kejì ń sá. Tí ọlọ́pàá bá mú ẹ, wọ́n á tì ẹ́ mọ́lé, ẹnì kejì ẹ nìkan ló lè wá gbà ẹ́ sílẹ̀ tó bá wa ọkọ̀ gba abẹ́ ibi tí wọ́n tì ẹ́ mọ́ kọjá. Ẹni tí ò lè sáré rárá lè sá pamọ́ títí gbogbo yín á fi wọ ẹ̀wọ̀n tán, kó wá tú gbogbo yín sílẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀, ariwo tó sọ kọjá tẹnu.

Smash ló wá le díẹ̀, torí níbẹ̀ ẹni tuntun lè kú kó tó mọ ibi tóun wà. Níbi tẹ́ ẹ ti ń yan ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbá, ẹ sọ ọ́ di Team Battle. Ẹ yan Stock, ẹ̀mí mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n máa fi àkókò gbá a, kẹ́nikẹ́ni má baà jáde, mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ nínú ti àkókò, gbogbo ìgbà tí ẹni tuntun bá ṣubú, póìntì ni fún ọ̀tá, póìntì tún jáde lára ẹ, ọ̀tá á wá fi ọ̀gá sílẹ̀, wọ́n á máa lé ẹni tuntun kiri títí tó máa fi parí. Nínú Stock, tí ẹ̀mí rẹ bá tán, o lè yá ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ tó bá ṣì ní ju ẹyọ kan lọ. Òun ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀, ọ̀gá lè ní mẹ́ta kó sì gbé ọ̀kan fún ẹni tuntun, wọ́n á jọ parí ẹ̀. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ṣé èèyàn lè kàn mú un ni àbí ó gbọ́dọ̀ béèrè, torí ẹ̀mí tí wọ́n mú láìbéèrè ti da àwọn méjì tó fẹ́ràn ara wọn rú lójú mi.

Ẹ̀yin náà á béèrè ọ̀rọ̀ Team Attack, pé ṣé kí ìkúùkù mi lè ba ẹnì kejì mi àbí kó má lè bà á. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ tàn án. Ó máa kọ́kọ́ dà bíi pé mo ń wá ìjà fún yín ni, àmọ́ ẹ gbọ́ mi ná. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀gá á kàn kó sáàárín gbogbo yín, á máa lù láì wo ẹnikẹ́ni, kò sí nǹkan tó máa dá a dúró. Tó bá wà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa wo ibi tí ẹnì kejì ẹ̀ dúró sí kó tó ju nǹkan kan, ìyẹn nìkan ti dín agbára ẹ̀ kù láì jẹ́ pé ẹ fi ohunkóhun dè é lọ́wọ́. Àwọn tó ń bá ara wọn díje ní méjì-méjì gan-an, títàn ni wọ́n máa ń tàn án. Ẹ kàn jẹ́ kí àwọn ẹni tuntun kọ́kọ́ gbá bíi mẹ́rin, márùn-ún láìsí i, kí wọ́n mọ ara wọn lójú TV ná.

Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀gá ṣì ń fọ́ gbogbo yín lẹ́yìn ìyẹn, Handicap wà nínú rúùlù. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíi 50% ìyà lára, tí ìkúùkù kan tó dáa á fi lè gbé e jáde. Ẹ má fi ṣe ìyàlẹ́nu fún un o, ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ sọ iye tó rò pé òun lè gbé, àwọn ọ̀gá máa ń yan iye tó ga ju èyí tẹ́ ẹ máa fún wọn lọ, wọ́n fẹ́ fi ṣakọ.

Ẹ fi àwọn nǹkan ìjà tó ń já bọ́ látòkè sílẹ̀, ẹ má pa wọ́n, níwọ̀nba ṣá. Ẹni tuntun tó rí nǹkan mú lójijì lè ṣe ọ̀gá léṣe, ìtàn ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Ẹ ò dárúkọ Mario Party, ó sì yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí láti 1998 tó ti jáde ni wọ́n ti ń fi ṣe irú nǹkan yìí. Nínú èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń rìn fún ara ẹ̀, àmọ́ tí gbogbo yín bá ti rìn tán, àwọ̀ ibi tẹ́ ẹ dúró sí ló ń sọ ẹni tẹ́ ẹ jọ máa ṣe géèmù kékeré tó kàn, ẹni tó wà lórí pupa pẹ̀lú ẹni tó wà lórí pupa, búlúù pẹ̀lú búlúù. Ọ̀tá ẹ ìsinsìnyí lè di ẹnì kejì ẹ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, èèyàn ò wá ráyè di ẹnikẹ́ni sínú. Super Mario Party tó jáde ní 2018 tún ní Partner Party, tí ẹ̀yin méjì á jọ ta dáìsì, ẹ máa ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀, kálukú á sì rin iye yẹn, ìràwọ̀ tẹ́ ẹ bá sì rí, tẹ̀yin méjèèjì ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mọ̀ pé Joy-Con nìkan ló ń gbà, Pro Controller ò bá a ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé ara ti ń gbóná jù, ẹ fi Overcooked 2, géèmù oúnjẹ sísè, sí i, ẹ̀yin mẹ́rin tẹ́ ẹ bá di páàdì mú á wà ní ẹgbẹ́ kan, aago lẹ máa bá jà. Jackbox náà wà, fóònù ni páàdì ẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin lẹ máa tẹ̀ tẹ́ ẹ fi máa wọlé, ẹ̀yin méjì lè jókòó ti fóònù kan tó bá jẹ́ pé tíìmù lẹ fẹ́.

Ọ̀rọ̀ TV ò gùn. Ẹ wọ inú sẹ́tíìnsì TV yín, ẹ wá Game Mode, ẹ tàn án, torí tí ò bá sí ní títàn, bọ́tìnì máa ń pẹ́ kó tó dáhùn lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tuntun á rò pé ọwọ́ òun ni ò dáa. Mario Kart máa ń yọ àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó bá jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì ló ń gbá, tó bá ti di mẹ́ta tàbí mẹ́rin ó di 30. Tí ọ̀gá bá ń ráhùn pé nǹkan ò lọ geere bó ṣe ń lọ nílé òun, kò parọ́ o, àmọ́ gbogbo yín lọ̀rọ̀ náà bá.

Tí àwọn kan nínú yín bá ní àwọn ò lè wá, Mario Kart lè gba èèyàn méjìlá nínú yàrá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Switch kọ̀ọ̀kan sì lè mú èèyàn méjì wọlé, àmọ́ Switch kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní géèmù tiẹ̀, ẹni tó ni ín sì gbọ́dọ̀ ti sanwó Nintendo Switch Online. Ẹni tó bá ṣí yàrá náà ló máa yàn án pé tíìmù lẹ fẹ́ gbá. Ẹ ṣí yàrá ohùn méjì lórí Discord, ti pupa lọ́tọ̀, ti búlúù lọ́tọ̀, torí tí gbogbo yín bá wà nínú ẹyọ kan, kò sí ẹni tó lè sọ fún ẹnì kejì ẹ̀ pé òun ní shell lọ́wọ́ láì jẹ́ pé ọ̀tá gbọ́. Tí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì ẹnì kan bá ń já, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń pín in, tàbí kó fi wáyà so ó.

Ó ku bẹ́ ẹ ṣe máa tú tíìmù ká. Ẹ má dúró dìgbà tí inú ti bí ẹnì kan. Ẹ fẹnu kò ṣáájú pé tí tíìmù kan bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, ẹnì kan láti ibí á pààrọ̀ àyè pẹ̀lú ẹnì kan láti ọ̀hún, kó má jẹ́ ọ̀gá, kó má sì jẹ́ ẹni tuntun, àwọn tó wà láàárín ni kí ẹ pààrọ̀. Tó bá jẹ́ tíìmù ọ̀gá ló ń wọlé, ẹ pààrọ̀ 5 àti 6; tó bá jẹ́ tíìmù kejì, ẹ pààrọ̀ 4 àti 3. Ọ̀gá àti ẹni tuntun tẹ́ ẹ ti so pọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jọ wà fún gbogbo ọjọ́ yẹn, torí ó máa ń gba àkókò kí ọ̀gá tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ láì jágbe mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá sì ń gbé e kiri, ìbẹ̀rẹ̀ ni á máa padà sí ní gbogbo ìgbà.